Kànga Tó Wà Lábẹ́ Omi Gbígbóná

Ọjọ́ Àìkú kan, ní nǹkan bí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ni mo gbọ́ ìbéèrè tó fi hàn mí pé díẹ̀ ló kù kí n pa oníbàárà mi. Alhaji Ráfíù jókòó sínú omi gbígbóná dé àyà, ó di ojú, ó gbé ọrùn lé etí ọpọ́n. Fìlà funfun rẹ̀ kò kúrò lórí, nítorí ó ní ẹni tó ti dé Mẹ́kà kì í ṣí orí sílẹ̀ níwájú àwọn òṣìṣẹ́. Ìyá rẹ̀, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Àgbà, ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Agbára dé ni, níbi tó ti lọ gba ìtọ́jú ojú lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ obìnrin. Ó dúró lórí fàràńdà ẹ̀yìn ilé pẹ̀lú ojú tuntun. Ó wo ọmọ rẹ̀, ó wo ooru tó ń rú lórí omi bí èéfín, ó wá yíjú sí mi.

"Ta ló ń se ọmọ mi?"

Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín. Èmi ni mo rín in jù, nítorí iṣẹ́ ọwọ́ mi ni wọ́n ti ń yìn láti àárọ̀. Ìyá Àgbà kò bá wa rẹ́rìn-ín. Ó na ọ̀pá rẹ̀ sí ìsàlẹ̀ ọpọ́n náà.

"Kànga mi ńkọ́? Níbo lẹ gbé kànga mi sí?"

Kí n tó sọ ohun tó tẹ̀lé e, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé irú iṣẹ́ tí mò ń ṣe, nítorí ọ̀pọ̀ èèyàn ni kò mọ̀ pé irú rẹ̀ wà. Bí wọ́n bá bi ìyá tó bí mi, ohun tí yóò sọ ni pé, "Ó ń bá àwọn olówó gbin òdòdó." Ìmọ̀ yíyàwòrán ilé ni mo kọ́ ní yunifásítì. Nígbà tí mo jáde, mo rí i pé àwọn ará Ọ̀tà kì í wá ayàwòrán kí wọ́n tó kọ́lé. Bíríkìlà ni wọ́n ń pè. Bíríkìlà á fi ẹsẹ̀ wọn ilẹ̀, á fi igi fa ìlà, ilé á sì dúró títí ọmọ-ọmọ á fi máa jà sí i. Ni mo bá fi iwájú ilé sílẹ̀ fún wọn, mo yà sí ẹ̀yìnkùlé. Mo tẹ káàdì, mo kọ "Olùdarí Àgbà" sí i, bẹ́ẹ̀ sì ni kò sí olùdarí kékeré kankan níbẹ̀, kò sì sí ẹnì kan tí mò ń darí ju ara mi lọ.

Iṣẹ́ mi ni láti mú ẹ̀yìnkùlé, níbi tí wọ́n ń kó tánkì jíjò, ilé adìyẹ àti àga tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kán sí, kí n sọ ọ́ di ibi tí èèyàn lè jókòó sí kí ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Ní àgbègbè àwọn ilé iṣẹ́ ní Ṣàngó, ìyẹn kì í ṣe iṣẹ́ kékeré. Lẹ́yìn fẹ́ǹsì Alhaji Ráfíù, ilé iṣẹ́ kan wà tó ń se ọṣẹ. Láàárọ̀, òórùn rẹ̀ a dà bíi ti òdòdó. Tó bá di ọ̀sán, a dà bíi ti òdòdó tó ti kú láti ọjọ́ mẹ́ta. Tírélà a máa wọlé, a máa jáde, a sì máa fun fèrè bí ẹni pé ilé ló fẹ́ kó yà fún òun.

Ọgbọ̀n ọdún ni Alhaji fi ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ bisikíìtì kan ní Agbára. Àpò ìyẹ̀fun ló fi orí rù nígbà tó bẹ̀rẹ̀, ọ̀gá àwọn tó ń tọ́jú ẹ̀rọ ló jẹ́ nígbà tó fẹ̀yìn tì, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn tó fi tì yẹn ti bàjẹ́. Tó bá jókòó, èèyàn méjì ló ń gbé e dìde. Dókítà ní kí ó máa fi omi gbígbóná wẹ̀ dáadáa. Ọmọ rẹ̀ tó wà lókè òkun gbọ́, ó sì fi họ́tì tọ́ọ̀bù ránṣẹ́ nínú kọ̀ǹténà. Fún ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, ọpọ́n ìwẹ̀ ńlá kan ni, tí èèyàn mẹ́fà lè jókòó sínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Iná mànàmáná ló ń mú omi rẹ̀ gbóná, pọ́ǹpù sì ń tú afẹ́fẹ́ sí i láti ẹ̀gbẹ́ kí ó lè máa hó bí ọbẹ̀. Bí omi bá kún inú rẹ̀, ó wúwo ju mọ́tò ayọ́kẹ́lẹ́ lọ. Mo ka ìyẹn nínú ìwé tó bá a wá. Mo tilẹ̀ fa ìlà sí abẹ́ rẹ̀.

Lọ́jọ́ tí a kọ́kọ́ pàdé, Alhaji fi fọ́tò kan hàn mí lórí fóònù rẹ̀: ọpọ́n omi láàárín igbó, òkè ńlá lẹ́yìn rẹ̀, yìnyín lórí òkè.

"Injiníà, irú èyí ni mo fẹ́. Ibi ìsinmi. Ibi tí màá ti gbàgbé pé mo ṣiṣẹ́ rí."

"Alhaji, kò sí òkè ní Ṣàngó."

"Ẹ fi sìmẹ́ńtì mọ ọ́n."

"Yìnyín ńkọ́?"

Ó tún wo fóònù rẹ̀. "Ìyẹn, ẹ fi í sílẹ̀."

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe jókòó ti kọ̀ǹpútà tí mo yàwòrán. Mo to oparun sí ara fẹ́ǹsì kí a má bàa máa rí ilé iṣẹ́ ọṣẹ. Mo ní kí a gbin efinrin yí ọpọ́n ká, kí òórùn rẹ̀ lè bá ti ọṣẹ jà. Mo ya òkè sìmẹ́ńtì sí igun kan bí ó ṣe wù ú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú tì mí. Alhaji tún ní kí n so ẹ̀rọ kan mọ́ abẹ́ òrùlé tí yóò máa ké bí ẹyẹ. Àwọn ẹyẹ tòótọ́ ti sá fún jẹnẹrétọ̀ àdúgbò láti ọjọ́ pípẹ́. Mo bi Alhaji bóyá nǹkan kan wà lábẹ́ ilẹ̀ ibẹ̀. Ó ní kò sí. Mo fi àmì sí ìwé mi pé mo ti béèrè.

Ẹni tí mo pè láti bá mi ṣe iṣẹ́ ilẹ̀ ni Bàbá Ìkìrun. Bíríkìlà ni, ọmọ Ìkìrun ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, ó ti wà ní Ọ̀tà láti ìgbà tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn ilé iṣẹ́ yẹn ṣì jẹ́ oko ẹ̀gẹ́. Èèyàn kúkurú ni, kò sanra, kì í sì í yára. Akọ́wé ló ń pè mí, kì í sì í ṣe láti fi yìn mí. Òun ló kọ́ mi bí a ṣe ń fi àtẹ́lẹwọ́ mọ iyanrìn tí ẹrẹ̀ pọ̀ nínú rẹ̀. Ní yunifásítì, odidi sáà kan la fi kọ́ nípa iyanrìn, a kò sì fọwọ́ kan ẹyọ kan.

Ní ọjọ́ àkọ́kọ́ tí a dé ẹ̀yìnkùlé Alhaji, Bàbá Ìkìrun yí orí dígà rẹ̀ sókè, ó ń fi ìdí rẹ̀ gún ilẹ̀ jẹ́jẹ́, ẹsẹ̀ kan lẹ́yìn èkejì, ó tẹ etí sílẹ̀ bí ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn àna rẹ̀. Ó dé ibi tí mo fi ẹfun pààlà sí fún ọpọ́n, ó dúró. Ó gún un lẹ́ẹ̀mẹ́ta.

"Akọ́wé, ilẹ̀ ibí yìí ń dáhùn."

"Kí ló wí, Bàbá?"

"Kò tíì wí nǹkan kan. Mo ní ó ń dáhùn ni. Ilẹ̀ tó bá yó kì í dáhùn."

Mo rẹ́rìn-ín. Mo ṣàlàyé fún un pé ọ̀gbẹlẹ̀ ni, pé ilẹ̀ pupa a máa sún kì nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, pé afẹ́fẹ́ á sì wà láàárín rẹ̀. Mo fi ọ̀rọ̀ òyìnbó gígùn kan parí àlàyé náà. Bàbá Ìkìrun wò mí títí mo fi sọ̀rọ̀ tán.

"Ọ̀rọ̀ yẹn gùn o. Ṣé ó lè ru ẹrù?"

Ó ní kí n jẹ́ kí òun gbẹ́ ibẹ̀ tó ìdúró èèyàn kan wò, kí a tó da kọnkéré sí i. Ìyẹn yóò gba ọjọ́ mẹ́ta. Alhaji ti pe àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ fẹ̀yìn tì pé kí wọ́n wá wò ó lọ́jọ́ Àìkú, èmi náà sì ti búra pé ọjọ́ náà kò ní yẹ̀. Mo ní kí ó da kọnkéré. Ó gbé ṣọ́bìrì rẹ̀. "Ìwọ lo ni ìwé," ó wí, ó sì da á.

Òkè sìmẹ́ńtì ńkọ́? Èmi kò bìkítà fún ìyẹn, mo ní kí ó mọ ọ́n bó ṣe wù ú. Nítorí pé kò sí ẹni tó ń kán an lójú níbẹ̀, ó gbẹ́ ìpìlẹ̀ rẹ̀ dé ibi tí dígà ti ń ta padà.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú yẹn, èmi ni mo kọ́kọ́ dé. A ti bu omi kún ọpọ́n láti ọjọ́ tó ṣáájú. Mo ń yí i ká láti wo iṣẹ́ mi nígbà tí mo rí ìlà kan lórí táìlì ní ìhà fẹ́ǹsì. Sísán táìlì kì í ṣe tuntun sí mi. Nígbà mìíràn a lọ tààrà, nígbà mìíràn a já sọ́tùn-ún já sósì bí mànàmáná. Èyí kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó tẹ̀ bí oṣù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lé, bí ẹni pé ohun kan tó rí roboto wà nísàlẹ̀ tó ń fi etí rẹ̀ hàn. Mo sì ṣe ohun tí àwa tí a kàwé máa ń ṣe bí ẹ̀rù bá bà wá: mo sọ ọ́ lórúkọ. Mo pè é ní ìlà gbígbẹ, irú èyí tí sìmẹ́ńtì máa ń là bó bá ń gbẹ. Lẹ́yìn náà mo gbé ìkòkò òdòdó kan lé e lórí.

Ìlà yẹn ni mò ń wò nígbà tí Ìyá Àgbà béèrè kànga rẹ̀.

"Kànga wo, Màmá?" Alhaji kò tilẹ̀ la ojú. "Ṣebí mo ti ní kí ẹ dí i nígbà tí a gbẹ́ bohóólù. Ẹ fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sí mi ní Agbára pé ó ti parí."

Ìyá Àgbà pòṣé. "Ó parí lóòótọ́. Ta ni yóò wá dí kànga? Kànga tí mo fi omi rẹ̀ wẹ̀ ọ́ lọ́jọ́ tí wọ́n sọ ọ́ lórúkọ? Bí ìyá bá darúgbó, ṣé ẹ ó da yẹ̀pẹ̀ sí i lẹ́nu ni? Mo ní kí wọ́n bò ó. Wọ́n to pákó lé e, wọ́n fi páànù bo pákó, wọ́n tẹ́ yẹ̀pẹ̀ sí i. Kó lè máa mí."

Mo ti gbọ́ irú rẹ̀ lẹ́nu àwọn àgbà ní ọ̀pọ̀ agboolé láti ìgbà náà. Omi tó bá tọ́ ọ dàgbà, o kì í pa á. O lè fi í sílẹ̀, o lè bò ó mọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n o kì í fi yẹ̀pẹ̀ pa á. N kò rí i nínú ìwé kankan, n kò sì bi ẹnikẹ́ni.

"Ìgbà wo ni, Màmá?" mo bi í.

"Kí Múínà tó lọ́kọ."

Múínà ni ọmọ rẹ̀ tó wà ní Agbára. Àkọ́bí Múínà ló wà lọ́wọ́ òsì rẹ̀ nísinsìnyí, ọkùnrin gìrìpá kan tó ní irùngbọ̀n, òun ló wa mọ́tò gbé e wá.

Mo sáré lọ pa pọ́ǹpù. Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀rẹ́ Alhaji ti bọ́ agbádá rẹ̀, ó ti wọ ṣòkòtò péńpé, ó ń bọ̀ láti wá wọnú omi. Mo pariwo mọ́ ọn pé kó padà, ó sì padà láìbéèrè ìdí, nítorí ojú mi ti sọ fún un.

"Ta ló pa á? Injiníà, ta ló pa á? Ẹ̀yìn mi ti ń gbádùn ún."

Omi dákẹ́. Nínú ìdákẹ́jẹ́ yẹn la gbọ́ ọ lábẹ́ ọpọ́n: ohun tó ń dún bí ìgbà tí èèyàn bá ń jẹ òkúta nínú ìrẹsì. Kẹ̀rẹ̀. Kẹ̀rẹ̀. Alhaji la ojú. Ó gbá etí ọpọ́n mú, ó fẹ́ gbé ara rẹ̀ sókè. Ohun náà dún kíkan, ìkòkò òdòdó tí mo gbé lé orí ìlà sì ṣubú fúnra rẹ̀.

"Ẹ má dìde, Alhaji!"

"Kí n máa jókòó ni?"

"Ẹ jókòó. Ẹ rọra sún mọ́ ìhà ilé."

Ó rọra ń yọ̀ nínú omi bí akàn, ó dé ìhà tó kọjú sí wa. Ó wo ojú wa lọ́kọ̀ọ̀kan. "Ṣé ibí ni màá kú sí ni?"

Ohun tó wá sí mi lọ́kàn ni kí n tú omi náà dànù. Ẹnu páìpù tó ń da omi ọpọ́n jáde wà nínú efinrin. Mo ti bẹ̀rẹ̀ síbẹ̀, ọwọ́ mi ti kan án, nígbà tí mo gbọ́ ohùn Bàbá Ìkìrun. A pè é wá jẹun pẹ̀lú wa lọ́jọ́ náà, ó jókòó sí òpin fàràńdà pẹ̀lú àwo ìrẹsì rẹ̀.

"Akọ́wé! Omi yẹn, ibo ló ń lọ?"

"Ìdí efinrin ni."

"Ìdí efinrin wà níbo?"

Mo wò ó. Mo ti fi páìpù yẹn yangàn. Nínú àwòrán mi, mo kọ ọ́ pé omi ìwẹ̀ yóò máa bomi rin òdòdó, pé ẹ̀kán kan kò ní ṣòfò. Alhaji tilẹ̀ pàtẹ́wọ́ fún un. Ìdí efinrin yẹn wà ní ẹ̀gbẹ́ kọnkéré, ní ìhà kànga gan-an.

"Ilẹ̀ tó ń wá ẹni tí yóò ti òun ṣubú," Bàbá Ìkìrun wí, "ìwọ fẹ́ fún un lómi mu."

Mo yọ ọwọ́, mo padà sórí fàràńdà. Bàbá Ìkìrun gbé àwo rẹ̀ kalẹ̀, ó sì fọ ọwọ́ rẹ̀. N kò lè gbàgbé láéláé pé ó fọ ọwọ́ rẹ̀ kí ó tó dìde. Ó mú òòlù kan, ó dọ̀bálẹ̀ sí etí fàràńdà, ó ń fi ìdí òòlù kan ilẹ̀ títí dé ibi tí ọwọ́ rẹ̀ gùn dé, ó ń tẹ́tí. Lẹ́yìn náà ó dìde, ó ní kí ẹnikẹ́ni má tẹ orí táìlì mọ́, kí ọkùnrin mẹ́rin lọ gbé àkàbà irin gígùn tí a fi kan òrùlé wá.

Fàràńdà ilé yẹn ga, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bá etí ọpọ́n dọ́gba. Ní òdìkejì, níbi tí ó yẹ kí àkàbà náà fi orí lé, ohun kan ṣoṣo ló wà tí ìdí rẹ̀ dúró lórí ilẹ̀ gidi: òkè sìmẹ́ńtì Alhaji. Àwọn ọkùnrin náà gba ibi tí kò sí táìlì yíká, wọ́n fi okùn fa orí àkàbà kọjá lókè ọpọ́n, wọ́n gbé e lé òkè náà. Ó dúró bí afárá. Òkè tí mo ti ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ fún àwọn ọ̀rẹ́ mi láti oṣù kan.

"Alhaji kò lè dá gun un," Bàbá Ìkìrun wí. "Ẹnì kan ní láti lọ fà á." Ó yíjú. "Ta ló yàwòrán?"

"Èmi ni, Bàbá."

"Ìwọ náà ni."

Mo dojú bolẹ̀ lórí àkàbà, mo ń rákò bí alángbá. Mo ti kọ́ nípa ìwọ̀n, mo ti ṣe ìdánwò lórí ìwọ̀n, mo sì yege. N kò mọ ohun tí ìwọ̀n jẹ́ títí di ìgbà tí irin yẹn ń tẹ̀ lábẹ́ àyà mi. Lábẹ́ mi ni omi dúró jẹ́ẹ́, mo ń rí ojú ara mi nínú rẹ̀. Mo rò ó pé bí ilẹ̀ bá ya nísinsìnyí, èmi á dì mọ́ irin, ṣùgbọ́n Alhaji á lọ níṣojú mi, a óò sì máa gbọ́ ohùn rẹ̀ nísàlẹ̀. Mo gbàdúrà tó jẹ́ pé ìlérí ló pọ̀ jù nínú rẹ̀.

"Ẹ mú ọwọ́ wá, Alhaji."

"Ọwọ́ rẹ ń gbọ̀n."

"Tiyín náà ń gbọ̀n, sà."

"Ẹ̀yìn ló ń ṣe tèmi."

Mo fa apá rẹ̀ méjèèjì. Ó kérora, ó gbé àyà lé àkàbà, lẹ́yìn náà ikùn, omi ń ṣàn lára rẹ̀ padà sínú ọpọ́n. Bí orúnkún rẹ̀ ṣe dé orí irin ni fìlà rẹ̀ já bọ́ sínú omi. Ó na ọwọ́ sí i.

"Fìlà mi!"

"Ẹ fi í sílẹ̀!"

"Fìlà tí mo rà ní Mẹ́kà ni!"

"Ráfíù!" Ohùn Ìyá Àgbà dún láti fàràńdà. "Orí ni kóo mú bọ̀!"

Ó fi fìlà sílẹ̀. A ń fà sẹ́yìn, ìka kan lẹ́yìn ìka kan, èmi fi ẹ̀yìn rìn, òun tẹ̀lé mi, ó ń ṣe "Lá iláha illaláhù" nínú ọ̀fun. Àwọn ọwọ́ gbá mi lẹ́sẹ̀ mú, wọ́n fà mí gun fàràńdà. Wọ́n gbá òun náà ní apá. Àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ kò tíì kúrò lórí irin tán nígbà tí kọnkéré já.

Kò já pẹ̀lú ariwo ńlá bí mo ti ń retí. Ìlà tó tẹ̀ bí oṣù yẹn kàn là, táìlì wó lọ sísàlẹ̀, ọpọ́n náà sì tẹrí ba sí ìhà fẹ́ǹsì bí ẹni tó ń kí àgbà. Omi rọ́ láti etí rẹ̀, ó ru fìlà funfun náà, ó sì wọnú ihò. A kò gbọ́ nǹkan kan. Mo rò pé bóyá kànga náà ti gbẹ, bóyá ó ti kún. Lẹ́yìn náà ni ìró omi tó bá omi nísàlẹ̀ wá dé ọ̀dọ̀ wa, ó jìnnà, ó sì wúwo, ó ń dún, ó ń dún, bí ẹni pé kò ní tán. Ọpọ́n náà fi èjìká há sí ẹnu kànga, ó dúró bẹ́ẹ̀.

Ẹyẹ inú ẹ̀rọ nìkan ló ń kọrin lábẹ́ òrùlé.

Fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan lẹ́yìn náà, bí mo bá gbọ́ tí wọ́n ń da omi sínú garawa nínú ilé, èmi a di ògiri mú.

Ní ọjọ́ kẹta mo lọ bá Alhaji. Mo rò pé ọlọ́pàá ni màá bá níbẹ̀. Ó dùbúlẹ̀ lórí ẹní, ó fi ìrọ̀rí gbé ẹ̀yìn rẹ̀ ró. Mo dọ̀bálẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ nípa ọ̀gbẹlẹ̀.

"Gbẹ́nu sọ́hùn-ún," ó wí. "Mo mọ̀ pé kànga wà níbẹ̀ rí, mo rò pé wọ́n ti dí i. Màmá mọ̀ pé wọn ò dí i, kò mọ̀ pé a fẹ́ gbé nǹkan lé e. Bàbá Ìkìrun mọ̀ pé ilẹ̀ ń dáhùn, kò mọ ohun tó ń dá a lóhùn. Gbogbo wa la mọ ìdajì. Ìwọ la pè pé kó o wá mọ̀ ọ́n pé."

Mo tún dọ̀bálẹ̀.

Kò lé mi. Ó ní kí n tún un ṣe. Èmi sì tún yan ibòmíràn ní ìhà kejì, mo ti ń na ẹfun, nígbà tí Ìyá Àgbà ní kí wọ́n gbé àga òun jáde. Ó na ọ̀pá rẹ̀.

"Ìyẹn ni ṣáláńgá wa àtijọ́."

Mo gbé ẹfun mi. Odidi ọ̀sán ọjọ́ náà ni mo fi jókòó sílẹ̀ lẹ́bàá àga rẹ̀, ó ń sọ gbogbo ilẹ̀ náà fún mi: ibi tí ilé ìdáná wà, ibi tí wọ́n ti ń gbẹ́ yẹ̀pẹ̀ mọ ilé, ibi tí igi ọ̀pẹ tó wó fi ihò sílẹ̀ sí. Kọ̀ǹpútà mi wà nínú àpò, n kò ṣí i. Bàbá Ìkìrun gbẹ́ ibi tí Ìyá Àgbà wá fi ọ̀pá tọ́ka sí pé kò sí ihò níbẹ̀ rí, ó gbẹ́ ẹ títí dígà fi bẹ̀rẹ̀ sí í ta padà, kò sì sí ẹni tó bi í ní ọjọ́ tí yóò parí. Lẹ́yìn tí a fa ọpọ́n yọ kúrò lẹ́nu kànga, ó fi rìngì kọnkéré mọ ẹnu rẹ̀ sókè, ó sì ṣe ìdérí irin oníhò sí i, kó lè máa mí.

Lọ́jọ́ tí a bu omi kún ọpọ́n náà lẹ́ẹ̀kejì, Alhaji jáde pẹ̀lú aṣọ ìnura léjìká àti fìlà tuntun. Mo ní kí ó bọ́ sínú omi. Ó fà sẹ́yìn.

"Ìwọ ni wàá kọ́kọ́ wọ̀ ọ́."

"Èmi, Alhaji? Iṣẹ́ ni mo wá ṣe."

"Iṣẹ́ náà nìyẹn."

Mo wo Bàbá Ìkìrun, bóyá yóò gbà mí. Ó ń wo ojú ọ̀run. Ìyá Àgbà jókòó pẹ̀lú tẹ̀súbáà lọ́wọ́. "Kó jókòó láti ìrun Àyílà títí di Alásárì," ó wí. "Bó bá ṣì wà níbẹ̀ nígbà náà, kí ọmọ mi wọnú omi."

Mo bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì. Mo bọ́ sínú omi gbígbóná níṣojú gbogbo ilé, mo sì jókòó láti ìrun Àyílà títí di Alásárì. Gbogbo ìgbà tí tírélà bá kọjá lẹ́yìn fẹ́ǹsì ni mo ń di etí ọpọ́n mú. Ilẹ̀ dúró. Wọ́n gbé Alhaji wọnú omi tọ̀ mí, ó di ojú, ó mí kanlẹ̀, kò pẹ́ ó bẹ̀rẹ̀ sí í han-run.

Láti ìgbà náà, bí mo bá gba iṣẹ́, mo kọ́kọ́ máa ń béèrè ẹni tó dàgbà jù nínú ilé, kí n tó béèrè iná àti omi. Bí iṣẹ́ bá sì parí, èmi ni mo máa ń kọ́kọ́ wọ inú ọpọ́n. Mo ti ṣe é ní Ọ̀tà, mo ti ṣe é ní Agbára, mo ti ṣe é fún àwọn tó kọ́lé sórí ilẹ̀ líle bí irin. Àwọn oníbàárà tuntun rò pé àṣà òkè òkun kan ni. Wọ́n a yọ fóònù, wọ́n a máa ya fọ́tò mi. "Ẹ wo Injiníà," wọ́n a wí, "ẹ wo bí ara ṣe ń tù ú." Mo máa ń rẹ́rìn-ín fún fọ́tò. Ẹsẹ̀ mi á máa gbọ̀n lábẹ́ omi, omi á máa rú, wọn a sì rò pé pọ́ǹpù ni.